Òkè Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Fẹnu Bèèrè

Bí ẹ bá bi ìyá mi pé ṣé ebi ń pa wọ́n, wọ́n á ní rárá. Bí ẹ bá ní ṣé ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní kò rẹ àwọn. Kí òjò máa pa wọ́n lẹ́nu ọ̀nà yín, kí ẹ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé," wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, òjò náà ò pọ̀." Ní àdúgbò wa ní Ẹdẹ, gbogbo ènìyàn ló ń pè wọ́n ní ọmọlúàbí. Èmi ọmọ wọn, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo sì ti fi ọ̀pọ̀ nínú ọdún náà túmọ̀ "rárá" wọn sí "bẹ́ẹ̀ ni," mo ní orúkọ mìíràn tí mo ń pe ìwà yẹn nínú ikùn mi. Inú ikùn náà ni kó wà.

Ìdí nìyí tí mo fi fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi pé àwọn fẹ́ nǹkan kan.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà ojú ni. Ojú òsì ìyá mi ti lọ láti bí ọdún mẹ́ta. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń rí ayé bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní ká mú wọn wá gba bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí iṣẹ́ abẹ lè wáyé lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í pé ṣé ojú náà á máa ríran lọ. Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún ọmọ aláìsàn. Ó ní, "Sà, a máa gbìyànjú. Ó lè dúró síbi tó wà yìí. Ó sì lè lọ."

A dúró de kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì. Ìyá mi ò sunkún, wọn ò kẹ́dùn. Wọ́n kàn ní:

"Òkè kan wà ní Òkè-Ògùn tí mi ò gùn rí."

"Màmá, òkè tí ẹ ò gùn rí pọ̀ láyé."

"Ọ̀kan yẹn ni mò ń sọ. Mo fẹ́ rí orí ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú yìí."

Mo mọ òkè náà, nínú ìtàn. Nígbà tí ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ewé tábà ni wọ́n ń tà. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ló ń gbìn ín. Ilé-iṣẹ́ sìgá á ṣa èyí tó dára, ìyá mi á ra èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ̀, wọ́n á kó o wá sí Ẹdẹ fún àwọn tó ń lọ aáṣáà. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi ń lọ sí ìlú kan náà, nínú agbo ilé kan náà. Òkè yìí wà lẹ́yìn ìlú ọ̀hún, ó rí roboto bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní orí ẹ̀ ni gbogbo ìlú sá sí nígbà ogun. Ògiri òkúta wọn ṣì wà níbẹ̀, ojú ọlọ tí àwọn obìnrin ayé ìgbà yẹn lọ̀ jinlẹ̀ sínú àpáta ṣì wà, omi kan sì wà tí kì í gbẹ bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Òyìnbó ń ti òkè òkun wá wò ó. Ìyá mi wà nísàlẹ̀, wọ́n ń di ẹrù, awakọ̀ ń fọn fèrè. Wọ́n á ní ó dọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ á dé, oyún á wà níkùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ á wà lẹ́yìn.

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi lọ́dún yẹn," ni wọ́n sọ fún mi nínú kẹ̀kẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo fi ọ̀já so ara mi mọ́ wọn láti dí wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá wa nílé-ìwé fún mi ní àyè Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀. Mo fi Sátidé kún un. Ọjọ́ mẹ́ta: ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún bíbọ̀. Mo yà á sínú ìwé. Jógíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí mi ò bá lè ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, kí wá ni mò ń kọ́ wọn?

A gba Awo jáde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a gba Ìwó, a já sí Ọ̀yọ́, a dorí kọ Ìsẹ́yìn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa títì. Ẹni tó bá ti gbà á rí mọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á rí, kó jókòó sílé kó máa dúpẹ́. Ọkọ̀ mi dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, kò sí kòtò tó bọ́ sí tí gbogbo egungun ẹ̀ ò ké. Ìyá mi jókòó síwájú, wọ́n di báàgì wọn mú, wọ́n ń yin ọkọ̀ náà. "Ó ń gbìyànjú," ni wọ́n ń wí. "Ó ń gbìyànjú gan-an ni."

Kí aago méjì tó lù, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí tábà. Ewé tó fẹ̀ bí etí erin, tútù yọ̀yọ̀, lọ́tùn-ún lósì. Láàárín oko ni àwọn ilé kan wà, ilé alámọ̀ gíga tóóró tí kò ní fèrèsé, èéfín ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ń so ewé tútù rọ̀ sí, tí wọ́n ń fi ooru gbẹ ẹ́ títí á fi pọ́n rúsúrúsú. Òórùn náà wọnú ọkọ̀, ó dùn, ó sì ń ta nímú, bí oyin tí ẹnì kan bu ata sí. Ìyá mi fa imú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ò rí oko náà dáadáa, ṣùgbọ́n imú wọn ti débẹ̀ ṣáájú wa.

Lẹ́yìn gbogbo oko yìí ni òkè náà dúró sí. Mo ní, "Màmá, òun rèé."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. A wọ agbo ilé náà, mo paná ọkọ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ tí ìyá mi ń ra ewé lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà náà ló ni oko báyìí. Òun náà ti di bàbá arúgbó, irun funfun, ṣòkòtò tí eérú ti kùn. Bí bàbá ṣe rí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Ìyá Ẹdẹ! Ẹ̀yin náà rèé? Ṣé kò sí o?"

"Ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ dìde. Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n wá kí yín ni, èmi àti tíṣà ọmọ mi."

Mo wúkọ́.

"Kíkí náà ni?" ni bàbá bèèrè.

"Kíkí náà ni," ni ìyá mi dáhùn.

Mo tún wúkọ́, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá yíjú sí ìyàwó wọn. "Ẹ bá mi fún tíṣà lómi."

Nígbà tí wọ́n fi wá sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. "Màmá, kí lẹ wí yẹn? Ṣebí òkè la bá wá?"

"Ìwọ ò rí iná lẹ́nu ààrò ni? Ewé wà nínú ilé yẹn. Èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n dé kí n ní ó yá, fi í sílẹ̀, wá mú mi lọ wo òkúta? Ojú á tì mí."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa wá mọ̀?"

"Wọ́n á mọ̀. Ẹni tó bá láròjinlẹ̀ á mọ̀."

"Màmá, aláròjinlẹ̀ yàtọ̀ sí aríran."

"Bí o bá bá mi sọ ọ́," ni ìyá mi wí, wọ́n ń ká ìborùn wọn, "mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹdẹ."

Ó kúkú burú. Mi ò lè dá mú ìyá mi gun òkè náà, nítorí ilé bàbá ló ni ọ̀nà ibẹ̀ láti ayé ogun. Ẹnikẹ́ni kì í gùn ún láìjẹ́ pé ọmọ ilé wọn ló ṣíwájú. Bàbá nìkan ló sì kù nínú àwọn ọmọ ilé náà tó ṣì wà nílé.

Lọ́jọ́ yẹn, títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́, bàbá mú wa káàkiri. Wọ́n fi oko hàn wá. Wọ́n fi ibi tí wọ́n ń gbin èso tábà sí kó tó dàgbà hàn wá. Wọ́n mú wa dé ilé gíga náà, wọ́n ṣàlàyé pé láti ọjọ́ Ajé ni iná ti ń jó lábẹ́ ẹ̀, tọ̀sán-tòru, ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì ni: ooru díẹ̀ kí ewé kọ́kọ́ pọ́n, ooru púpọ̀ kí ara ewé gbẹ, lẹ́yìn náà ooru tó le jù kí igi àárín ewé gbẹ. Ìyá mi ń mi orí, wọ́n ń ṣe "háà" bí ẹni tí kò tà á fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé gbogbo ibi tí bàbá bá dúró sí láti bá wa sọ̀rọ̀, òkè ni wọ́n ń kẹ́yìn sí. Mo ń wo bàbá, mo ń wo òkè lórí èjìká wọn. Bàbá ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ewé.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ọjọ́ tí mo yà fún òkè. Kí n tó jẹun àárọ̀ tán, ìyá mi ti wà lábẹ́ igi pẹ̀lú ìyàwó bàbá, wọ́n ń so ewé tútù mọ́ ọ̀pá fún ilé kejì. Wọn ò wo ọwọ́ wọn. Ewé méjì, òwú, ewé méjì, òwú, ọwọ́ náà ń lọ bí ẹni ń kéwú. Ìyàwó bàbá pariwo: "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá, ẹ ti ṣe ọ̀pá mẹ́fà!" Inú ìyá mi dùn. Inú mi ì bá dùn pẹ̀lú wọn, bí kì í bá ṣe pé oòrùn ń gòkè.

Ọ̀sán pọ́n, a lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, mo rọra sún mọ́ bàbá. Mo ní bí mi ò bá lè sọ ọ́, mo lè rìn yí i ká.

"Bàbá, òkè yìí ga o."

"Ó ga."

"Wọ́n ní omi wà lórí ẹ̀."

"Ó wà."

"Ṣé àwọn èèyàn máa ń gùn ún?"

"Wọ́n ń gùn ún."

"Ẹni tó ti dàgbà ńkọ́, bí ìyá arúgbó bẹ́ẹ̀?"

"Bó bá wù wọ́n. Ọ̀nà ẹ̀yìn ò le. Alùpùpù ń gbà á dé ìdajì."

Wọ́n ń wò mí lójú bí ẹni tó ń retí nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò tíì rí ọmọ tó dáhùn ìbéèrè lọ́nà tó péye tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Mo bínú sùn. Mo bínú jí. Sátidé ti dé, Ẹdẹ là ń lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Mo kó báàgì sínú ọkọ̀. Ìyàwó bàbá gbé èlùbọ́ wá, wọ́n gbé iṣu mẹ́rin wá. Ìyá mi ń dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúà, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìdágbére. Wọ́n rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n yí padà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú orí, wọ́n gbé ojú ọ̀tún sí òkè náà. Wọ́n ń yí orí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá a, bí ẹni tó ń fi okùn abẹ́rẹ́ wá ihò.

Ó tó gẹ́ẹ́.

"Bàbá," ni mo wí, "ìyá mi ò wá kí yín o."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Adìyẹ pàápàá ń wò mí.

"Òkè yín ni wọ́n bá wá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan ṣoṣo tó kù, dókítà ò sì ṣèlérí. Wọ́n fẹ́ rí i kó tó di pé…"

"Èmi?" Ìyá mi gbọ́n ìborùn wọn. "Òkè kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lórí òkúta? Ọkọ mi, ẹ má dá a lóhùn, ebi ló ń pa á."

Mo wo ọ̀run. Ẹ gbà mí.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí odó. "Ìyá Ẹdẹ, láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀! Ìyá tí ojú ń dùn, tó ti Ẹdẹ wá nínú ọkọ̀ tíṣà yìí, kí ló tún wá rí? Èmi? Ṣé mo rẹwà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ mọ̀?" Èmi ni mo pariwo. "Bàbá, ẹ mọ̀, ẹ sì ń fi èso tábà hàn wá?"

"Ilé wa kì í pe àlejò sórí òkè, tíṣà. Ó di èèwọ̀ láti ayé bàbá bàbá mi. Wọ́n pe àlejò kan lọ wò ó, ọkùnrin náà yọ̀, ó ṣubú. Títí dòní, àwọn èèyàn ẹ̀ ń sọ pé a tì í ni. Láti ìgbà náà, àlejò ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ bèèrè. Kì í ṣe ẹnu ọmọ ẹ̀." Wọ́n nawọ́ sí ìyá mi. "Ibi tí ẹ ti máa rí òkè ni mò ń gbé yín sí, kí ọ̀rọ̀ lè bọ́ lẹ́nu yín. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́, èmi tí mi ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, kó má baà dà bíi pé mo pè yín."

Ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà méjì ń fi ọ̀wọ̀ ti ara wọn, èmi wà láàárín, epo ọkọ̀ mi ti lọ, ọjọ́ Jímọ̀ mi ti lọ.

Gbogbo wa kọjú sí ìyá mi. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n tún ìborùn ṣe, wọ́n tún un tú.

"Bí kò bá ní yọ yín lẹ́nu…" ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́."

"Bí ẹ bá ráyè…"

"Mi ò ráyè. Ewé wà lórí iná."

Mo gbàdúrà lọ́kàn mi. Ìyàwó bàbá náà ń gbàdúrà, mo rí ètè wọn.

"Mo fẹ́ gun òkè yín," ni ìyá mi wí, kíákíá, wọ́n sì pariwo ẹ̀, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka ẹsẹ tó bẹ̀rù pé òun á gbàgbé. "Mo fẹ́ rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí i."

Mi ò gbọ́ "mo fẹ́" lẹ́nu ìyá mi níwájú àjèjì rí. Ojú tì mí, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Bàbá ti dìde. Wọ́n ti ń pe alùpùpù. Ìgbà náà ni wọ́n dúró, wọ́n wo ilé tábà. Ọjọ́ kẹfà iná nìyẹn, ọjọ́ tí ooru le jù. Ọkùnrin tó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti lọ síbi ìsìnkú lábúlé kejì. Ìyàwó bàbá ti gbé igbá ọjà lérí.

"Tíṣà," ni bàbá wí, "ṣé ẹ lè ka nọ́ńbà?"

"Bàbá, iṣẹ́ mi ni."

"Ó dáa."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú mi lọ sí ẹnu ààrò. Ihò kékeré kan wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n fi gíláàsì dí i; ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá lọ sílẹ̀, kí n fi igi kún un. Bó bá gòkè, kí n fa igi jáde. "Ilẹ̀kùn, ẹ má ṣí i o. Bí atẹ́gùn tútù bá wọlé, ewé á dúdú, iṣẹ́ oṣù márùn-ún á bàjẹ́. Bí ooru bá sì pọ̀ jù, ewé gbígbẹ tó bá já bọ́ sórí páìpù tó ń gbé ooru iná wọnú ilé, gbogbo ilé ló máa jó." Ìyàwó bàbá gbé ojú wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wo ẹ̀wù funfun mi. "Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín, tíṣà," ni wọ́n wí, wọ́n bọ́ sọ́nà ọjà. Mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo fún bàbá ní fóònù mi. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́ láti ya fọ́tò ìyá mi létí omi, lára ògiri, nínú ojú ọlọ. Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn alùpùpù bí ìyàwó tuntun, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá kan, wọn ò wẹ̀yìn wò mí.

Báyìí ni èmi tí mo wakọ̀, èmi tí mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí òkè irú ẹ̀ ṣe ń yọ láti inú ilẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún láìgun ọ̀kan rí, ṣe jókòó sórí pákó níwájú iná. Ooru ń na ojú mi, ẹ̀yìn mi tutù. Gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń dìde lọ wo nọ́ńbà. Ó ń lọ sílẹ̀, mo ń rọ igi. Ó ń gòkè, mo ń fà á, mo ń bú u. Lágbo ilé kejì, ẹnì kan ń yan àgbàdo. Mi ò lè lọ bèèrè. Òkè náà wà lẹ́yìn ilé tábà gan-an. Níbi tí ẹnu ààrò wà, ògiri ló dí mi lójú. Nínú gbogbo ìlú yẹn, mo rò pé ibẹ̀ nìkan ni èèyàn lè jókòó sí tí kò ní rí i.

Ó ti kọjá àkókò kírun Ásárì kí n tó gbọ́ ìró alùpùpù. Ìyá mi sọ̀, eruku dé orúnkún, ìborùn wọn ti di àmùrè. Bàbá lọ tààrà síbi ihò náà, wọ́n wo nọ́ńbà, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ẹ ṣé é, tíṣà," láìwò mí lójú. Mo gba fóònù mi. Fọ́tò mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ àtàǹpàkò bàbá.

"Màmá, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Dáadáa?"

"Dáadáa ni."

Ṣé ẹ rí wàhálà mi? Ìyá yìí ni, tí òjò ò pọ̀ fún. Bí wọ́n bá dé orí òkè tí òkùnkùn nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, "dáadáa ni" náà ni wọ́n máa wí, kí n má baà banújẹ́. Nígbà tí mo ń ti bọ́ọ̀tù ọkọ̀, bàbá sì ti sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi pé gbogbo nǹkan ni ìyá mi ń fọwọ́ kàn: wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri, wọ́n ki apá bọ inú ojú ọlọ, wọ́n bọ́ bàtà wọ inú omi. Ẹni tó bá ń ríran kì í fọwọ́ kan gbogbo nǹkan.

A jáde nílùú. Mo bẹ̀rẹ̀.

"Omi náà, àwọ̀ wo ló ní?"

"Omi a máa ní àwọ̀? Ìwọ tó lọ sílé-ìwé."

"Ògiri náà ńkọ́?"

"Òkúta ni."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni, Màmá. Ṣé ó ga? Ṣé ó wó?"

"Ó ga níbi kan, ó wó níbi kan. Wo iwájú, kòtò ń bọ̀."

Ẹni tí kò gun òkè rí lè dáhùn bẹ́ẹ̀. A kọjá abúlé kan, a kọjá òmíràn. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ní ìta Ìsẹ́yìn, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo paná ọkọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní bínú, mi ò ní sunkún. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ rí nǹkan kan lórí òkè yẹn?"

Ọkọ̀ elérù kan kọjá, ó mì wá.

"Ilé tábà mẹ́fà ni mo kà láti orí òkè," ni wọ́n wí. "Márùn-ún nínú wọn, èéfín wọn funfun, ó ń lọ sókè gbọọrọ. Ẹ̀kẹfà, ní nǹkan bí aago méjìlá, ó ń rú èéfín dúdú kíjikíji, ó ń yí lulẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ọmọ mi ti kó igi tútù síná."

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Lára igi tó wà lẹ́yìn ilé ni mo mú, mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e ni. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nọ́ńbà já wálẹ̀ kọjá àmì pupa, mo fa gbogbo ẹ̀ jáde, mo fi iyanrìn pa á, mo lọ kó o pamọ́ sínú koríko. Kò sẹ́nì kankan nílé. Kò sẹ́ni tó lè ka ilé mẹ́fà kó rí èéfín tèmi láàárín wọn, àfi ẹni tó bá wà lórí òkè, tójú ẹ̀ sì ń ríran dáadáa.

Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń wo títì.

"Kì í ṣe igi tútù," ni mo wí.

"Igi tútù ni."

"Ṣé bàbá náà rí i?"

"Wọ́n rí i. Wọ́n fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí wọ́n dúró ná, pé wàá mọ ohun tó o máa ṣe sí i. Nígbà tó tún funfun, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀ fún ẹ rárá, kí ojú má baà tì ẹ́."